Onílé fi owó kún owó ilé, Sátidé sì ni oníbàárà ń wá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Téélọ̀ Tokpota

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) àti níbi gbogbo. Ẹrù kan wà lórí mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ̀.

Ilé tí à ń gbé ní Tokpota, yàrá kan àti pálọ̀, 22.000 fráǹkì là ń san lóṣù. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni baba onílé pè mí síta, ó ní láti oṣù tó ń bọ̀ ó ti di 32.000. Ó ní bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n wá ibòmíràn kí oṣù yìí tó parí. Òjò oṣù Kẹfà la wà yìí o! Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé ọmọlanke ò lè gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa kọjá nísinsìnyí, àfi ẹni tó bá fẹ́ fi mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wẹ odò.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, 15.000 ni. 32 pẹ̀lú 15, 47 nìyẹn, kí a tó tan iná, kí a tó bu omi, kí a tó rí owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ láti oṣù Kìíní 2023, 52.000 ni. Ẹ bá mi yọ 47 nínú rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó kù.

Ibi tó ti ń ta mí jù nìyí. Ẹlẹ́sìn Júù ni wá, ilé wa ń pa Ṣábáàtì, ọjọ́ ìsinmi, mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa: Sátidé ni wọ́n ń sìnkú. Òru Jímọ́ọ̀ ni téélọ̀ kì í sùn, àárọ̀ Sátidé ni oníbàárà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́, kò tilẹ̀ ní bá ẹ nájà mọ́, nítorí wọ́n ti fẹ́ gbé òkú jáde. Èmi á sì ti tilẹ̀kùn látìgbà tí oòrùn ti wọ̀ ní Jímọ́ọ̀, ó di ìgbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ lálẹ́ Sátidé kí n tó ṣí i. Ìyàwó mi ò bá mi jà, ṣùgbọ́n lánàá ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mò ń gbà á.

Ìyá Ẹlẹ́wà Wandó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá téélọ̀. Mi ò mọ̀wé, ọbẹ̀ ni mo mọ̀, nítorí náà ìdí ìkòkò ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Eélòó ni Ṣábáàtì ń jẹ nílé yín? Nígbà tí àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mò ń se ìrẹsì, mò ń din ẹja, mò ń ra wáìnì, bí ẹni ń ṣègbéyàwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù kẹta ni mo rí i pé gbèsè ni mo fi ń yẹ́ Ọlọ́run sí. Ọkọ mi ló ka ọ̀rọ̀ ráábì Akiva, olùkọ́ òfin Júù ayé àtijọ́, fún mi nínú Tálímọ́ọ̀dì, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ráábì, pé ó sàn kí èèyàn ṣe Ṣábáàtì rẹ̀ bí ọjọ́ lásán ju kí ó di ẹni tó ń ṣagbe lọ. Ọjọ́ náà ni ara tó tù mí.

Nísinsìnyí àdàlú ni. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni mo ti ń gbé ẹ̀wà àti àgbàdo kaná, àlùbọ́sà, epo, irú, iyọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti jinná kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá ti jinná, mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo bu eérú lé èédú lórí títí n kò fi ní rí pupa rẹ̀ mọ́, mo gbé ìkòkò padà, mo fi òkúta kékeré lé ọmọrí. Ó tán. Mi ò ní rò ó, mi ò ní fẹ́ná sí i, mi ò ní kóná jọ. Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ eérú yìí gan-an wà nínú Míṣínà, ìwé òfin Júù tí Tálímọ́ọ̀dì ń ṣàlàyé, pé iná tí wọ́n bá gbá èédú rẹ̀ kúrò tàbí tí wọ́n bá fi eérú bò ni wọ́n gbà kí ìkòkò wà lórí rẹ̀ wọ Ṣábáàtì. Ẹ̀rín pa mí. Bí ìyá ìyá mi ṣe ń pa iná mọ́ di ọjọ́ kejì ní Kétu nìyẹn, kò sì mọ Míṣínà kankan. Àárọ̀ Sátidé, bí ẹ bá ṣí ìkòkò, ìsàlẹ̀ á ti gbá díẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ń jà sí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ edé. Tórà, òfin Mósè, ò gbà wá láyè edé, akàn tàbí ẹja àrọ̀, àfi ẹja tó ní lẹ́bẹ́ àti ìpẹ́. Ó dùn mí nígbà náà, torí ọbẹ̀ Àjàṣẹ́ láìsí edé, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Lónìí tí edé ti di ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí kékeré wọ̀n, irú ni mò ń bù sí i lẹ́ẹ̀mejì, bí mo bá sì rí èpìyà ọ̀sà tí kò wọ́n, ó parí. Ohun tí mo kà sí ìyà lọ́jọ́ yẹn ló ń dín owó ọbẹ̀ mi kù báyìí.

Ọmọ Kétu

Ìyá, ẹ ti jẹ́ kí ebi máa pa mí lójú iṣẹ́, ṣùgbọ́n owó ilé ni bọ̀ọ̀dá ń sọ.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìlú sọ kí ẹ tó mọ ohun tí ráábì sọ. Òfin 2018-12 wà lórí ilé ìgbé, oṣù Keje 2018 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Lábẹ́ rẹ̀, onílé ò gbọdọ̀ gba caution, owó ìdúró, tó ju owó oṣù 3 lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Mo sọ ọ́ nítorí bí ẹ bá kó jáde pẹ̀lú ìbínú, àwọn démarcheur, àwọn alágbàtà ilé, tó wà níta yẹn á sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà ni, ẹ̀rù á sì mú kí ẹ san án. Ṣé ẹ ní ìwé kankan pẹ̀lú onílé yín? Ṣé ó ń fún yín ní rìsíìtì?

Téélọ̀ Tokpota

Ìwé kẹ̀? Ẹnu la fi sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni.

Ọmọ Kétu

"Ọ̀rẹ́ bàbá mi." Háà.

Mẹ́tìrì Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àyè wà fún mi láti ka ìwé tí kò mówó wá. Téélọ̀, ọmọ mi, ohun tó ń ṣe ọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ọ̀ràn onílé tó ń lé ayálégbé nínú òjò ti wà nínú Míṣínà, tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200.

Ìwé tó wà nínú rẹ̀ ni Bava Metzia. Kí "Bava" yẹn má ṣì yín lọ́nà, kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni, ẹnubodè ló túmọ̀ sí ní èdè Árámáíkì: Ẹnubodè Àárín. Ẹ̀yin ọmọ Kétu tí ẹ ní ẹnubodè Akaba Ìdẹ̀nà, ẹ̀yin ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. Orí kẹjọ rẹ̀ ni kí o ṣí. Ó ní ẹni tó bá fi ilé háyà láìdá ìgbà kò lè lé ayálégbé jáde ní àsìkò òjò, láti Àjọ Àgọ́ títí di Ìrékọjá, nítorí àsìkò náà ni òjò ń rọ̀ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni, ó gbọ́dọ̀ kì í nílọ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Ìlú kékeré nìyẹn o. Ní ìlú ńlá, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù 12. Ṣọ́ọ̀bù, oṣù 12 níbi gbogbo. Rabban Shimon ben Gamliel, ráábì kan nínú rẹ̀, wá ní ṣọ́ọ̀bù alábúrẹ́dì àti ti aláró, ọdún mẹ́ta, torí àwìn tí wọ́n tà máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Kò dárúkọ téélọ̀, àmọ́ ẹni tó bá mọ iye aṣọ tí wọ́n ti gbé lọ lọ́wọ́ rẹ láìsanwó, á mọ̀ pé gbígbàgbé ló gbàgbé.

Ayálégbé náà gbọ́dọ̀ kìlọ̀ kó tó jáde, iye ọjọ́ kan náà. Kì í ṣe pé wọ́n gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Baba onílé rẹ kì í ṣe Júù, nítorí náà má lọ ka Míṣínà lé e lórí. Ìwọ ni kí o fi mọ ohun tó tọ́ kí o bèèrè. Má bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi owó kún un. Bẹ̀ ẹ́ pé kó má lé ọ nínú òjò. Òjò ńlá tiwa á dáwọ́ dúró ní ìparí oṣù Keje. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ "ẹ jẹ́ kí òjò dá, bàbá" kò ní lè sọ pé rárá bẹ́ẹ̀ lásán.

Onílé Kan Ni Mí

Mo máa ń jókòó tì yín níbi ẹ̀kọ́, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ: Mẹ́tìrì, ẹ ò ka ìyókù!

Mo ní yàrá mẹ́rin lójú ọ̀nà Àjàrá. Sìmẹ́ǹtì tí mo fi kọ́ wọn ti yàtọ̀ sí sìmẹ́ǹtì tí mo fi ń tún wọn ṣe. Páànù ti yàtọ̀. Owó orí ilé ń wọlé. Látìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń wá láti ibẹ̀, fi gbówó lórí, kò sí òṣìṣẹ́ tó ń gun zém, ọ̀kadà wa, wá síbi iṣẹ́ mi ní iye tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ayálégbé ń sunkún, onílé náà ń sunkún, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè rí omijé onílé torí ó wà nínú ilé tirẹ̀.

Tálímọ́ọ̀dì kan náà sọ pé bí owó ilé bá gòkè lójà, onílé lè fi kún tirẹ̀. Ẹ kà á jáde.

Mẹ́tìrì Ṣábẹ̀ẹ́

O mú mi. Òótọ́ ni, mo sì yẹ kí n ti sọ ọ́. Maimonides, ráábì tó tún jẹ́ oníṣègùn, tó kú ní Íjíbítì ní 1204, kọ ọ́ kedere: láàárín àkókò tí kò lè lé e jáde yẹn, bí owó ilé bá wọ́n, onílé lè ní "san iye tó ń lọ lójà tàbí kí o jáde", bí ó bá sì wálẹ̀, ayálégbé náà lè ní "dín in kù tàbí kí o gba ilé rẹ". Ó tilẹ̀ fi kún un pé bí ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé bá wó, ó lè lé ayálégbé, torí kò bójú mu kí èèyàn jókòó nínú ilé onílé kí onílé wà lójú títì.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà kà á dáadáa. "Iye tó ń lọ lójà" ló wí, kì í ṣe iye tó bá wu onílé. Téélọ̀, iṣẹ́ rẹ nìyẹn: lọ bi ilé márùn-ún léèrè ní Tokpota, yàrá àti pálọ̀ bíi tìrẹ, kí o kọ iye tí wọ́n ń san sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 32, san 32 tàbí kí o wá entrée-coucher, yàrá kan ṣoṣo. Bí kò bá jẹ́ 32, ìwọ àti baba onílé á ní ohun tí ẹ ó jókòó lé lórí.

Onílé Kan Ni Mí

Ìyẹn dáa. Kó sì gba ìwé lọ́tẹ̀ yìí.

Mẹ́tìrì Ṣábẹ̀ẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni! Orí kẹjọ Bava Metzia kan náà, ẹsẹ kẹjọ. Ní ìlú Sepphoris, ọkùnrin kan háyà ilé ìwẹ̀ ní dínárì wúrà 12 lọ́dún, "dínárì kan lóṣù". Ọdún náà wá jẹ́ ọdún tí kàlẹ́ńdà Júù ń ní oṣù 13. Ta ló máa jẹ owó oṣù kẹtàlá? Gbólóhùn méjì tí wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni, ìjà ló bí. Wọ́n ní kí wọ́n pín oṣù náà sí méjì.

Aládùúgbò Attakè

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mùsùlùmí ni mí, téélọ̀ ni mí, mo sì mọ bọ̀ọ̀dá yìí. Mi ò mọ ohun tí Míṣínà sọ, àmọ́ mo mọ ohun tí ojú mi rí. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ti kéré, owó rẹ̀ ti lé, mo sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ mi wá sí tiyín? 15.000 yẹn á di 7.500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ mo ń lọ kírun, ẹ wà níbẹ̀. Sátidé ẹ ò sí níbẹ̀, mo wà níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn á tì.

Ohun kan ṣoṣo tí mò ń bẹ̀rù: bí oníbàárà yín bá wá ní Sátidé, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ létí aṣọ, owó ta ni?

Ìyá Ẹlẹ́wà Wandó

Ẹ wò ó bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan!

Mẹ́tìrì Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá, ẹ rọra. Ọ̀rọ̀ yìí ní ètò tirẹ̀.

Àlàáfíà, ọmọ mi, ìbéèrè rẹ gún régé ju bí o ti rò lọ. Ó wà nínú Tálímọ́ọ̀dì, nínú ìwé Avodah Zarah: Júù àti ẹni tí kì í ṣe Júù tí wọ́n jọ gba oko kan. Júù ò gbọdọ̀ dédé sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ láàárín iṣẹ́ pé "mú ìpín tìrẹ ní Ṣábáàtì, kí èmi mú tèmi ní ọjọ́ mìíràn", torí bí ẹni rán an níṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣàdéhùn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó tọ́.

Nítorí náà, kí o tó gbé ẹ̀rọ wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Sátidé, èrè àti iṣẹ́, tìrẹ ni pátápátá. Sọ́ńdè, ti téélọ̀ ni. Sátidé tí òjò bá rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wá, ìwọ lo pàdánù rẹ̀, téélọ̀ ò ní san án padà fún ọ. Bí Sátidé bá sì mówó ńlá wọlé, kí téélọ̀ má bèèrè iye tó jẹ́. Ibẹ̀ ni á ti ṣòro fún un.

Téélọ̀ Tokpota

Mẹ́tìrì, ẹ mọ̀ mí.

Ìyá Ìbejì Djassin

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ẹ kú làákàyè. Kí n fi tèmi kún un, torí èmi ti kó ẹrù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin.

Lẹ́ẹ̀kejì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kan mẹsúsà mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà ni, ìyẹn àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi awọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Tórà sí sínú rẹ̀. Baba onílé dé, ó wò ó, ó pe ọkọ mi sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ fi mú mi mọ́lẹ̀?" Ó rò pé oògùn ni, pé kó má baà lè fi owó kún owó ilé! Bó bá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé mi ò ní kan mẹ́wàá? A ṣí i fún un, ó rí i pé ìwé ni, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Oṣù kejì, ó fi owó kún un.

Ohun tó gbé wa ró ni àpótí. Ìdílé mẹ́fà ni wá, ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan la ń fi 500 fráǹkì sí i. Kì í ṣe àjọ tí à ń kó yípo, ẹni tó bá nílò rẹ̀ ló ń kó o. Òfin rẹ̀, inú Míṣínà la ti mú un, ìwé Pe'ah: èèyàn méjì ló ń gba owó, èèyàn mẹ́ta ló ń pín in. Ẹnì kan kì í gbà á ní òun nìkan, kí ẹnu má baà kàn án. Kí ẹni méjì má sì dá pín in, torí bí ìdájọ́ ni pípín rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àjọ jà ní Wandó, tí olórí àjọ ti gbé owó sá lọ sí Kútọnu, ẹ mọ iyì òfin yẹn.

Ìwé náà tún ní ẹni tó bá ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá nílé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kó má gbà nínú àpótí ọ̀sẹ̀. Èyí ti ràn mí lọ́wọ́ gan-an, torí ojú máa ń tì mí láti bèèrè. Mo kàn lọ sí ìdí àpò gàrí, mo kà á. Bí kò bá tó mẹ́rìnlá, ojú ò tì mí mọ́. Ẹni tó ń gbà náà á sì fi nǹkan sí i, ì báà jẹ́ 50. Òfin ni, tálákà pàápàá ń ṣe tsẹdákà, ìtọrẹ àánú. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ju ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ sílẹ̀, kí òun náà má baà di ẹni tí à ń pín fún.

Tó bá jẹ́ pé owó ńlá ni, bíi caution, a ń yá ara wa. Láìsí èlé. Tórà kọ èlé láàárín ara wa, kò sì síbi tí wọn ò wò. Mo yá 40.000 lọ́dún tó kọjá lọ́wọ́ ìdílé kan, mo fẹ́ gbé iṣu lọ fún ìyá náà láti dúpẹ́. Ó kọ̀ ọ́! Ó ní èlé ni iṣu yẹn.

Ọmọ Kétu

Iṣu di èlé?

Mẹ́tìrì Ṣábẹ̀ẹ́

Ó di èlé. Kódà ráábì Shimon ní, bí o kò bá ti ń tètè kí ẹnì kan tẹ́lẹ̀, tó wá yá ọ lówó, o ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè kí i. Ìkíni pàápàá lè di èlé.

Ọmọ Kétu

Mẹ́tìrì, ọmọ Yorùbá la wà yìí o. Mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mi ò jẹ ní kọ́bọ̀. Bí mo bá wá jẹ ẹnì kan lówó, ṣé kí n dúró gbọnrangandan?

Mẹ́tìrì Ṣábẹ̀ẹ́

Dọ̀bálẹ̀ bí o ti ń dọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Má kàn ṣe é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Djassin

Kí n tó lọ: Téélọ̀, ìyàwó yín béèrè ìbéèrè kan, ẹnikẹ́ni ò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọkùnrin ti jókòó sídìí ìwé. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù ńkọ́?" Èmi náà ti bi ọkọ mi rí, nígbà tí ọmọ wa wà ní ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀mí ni, ẹ má wojú Ṣábáàtì, kò sí ráábì tó máa sọ pé kí ẹ dúró. Ti owó ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí: èmi ń ta aṣọ òkìrìkà, mo sì ti gbìyànjú Sátidé kan. Mo pa 6.000. Mo dé ilé, àwọn ọmọ ti jẹun láìsí mi, bàbá wọn ò bá mi wí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà tó rí mi ní Sátidé yẹn tún retí mi, inú bí i pé mi ò sí. Ẹ̀ẹ̀kan ò dúró ní ẹ̀ẹ̀kan. Kí n má tàn yín, 6.000 náà dùn mọ́ mi.

Ìyá Ẹlẹ́wà Wandó

Òtítọ́ pọ́ńbélé.

Ọmọ Kétu

Mo ṣì ní ìbéèrè kan. Ẹni tó ń gbé owó ilé sókè jù, àwọn démarcheur ni. Wọ́n á lọ bá onílé, "Bàbá, ẹ̀ ń ta ara yín lọ́pọ̀." Ṣé kò sí bí gbogbo ayálégbé òpópónà kan ṣe lè pa ẹnu pọ̀?

Mẹ́tìrì Ṣábẹ̀ẹ́

Wọ́n ti ṣe é rí, lórí ẹja. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní Nikolsburg ní ilẹ̀ Moravia, àwọn ẹlẹ́ja rí i pé kò sí bí Júù ò ṣe ní ra ẹja fún Ṣábáàtì, wọ́n bá gbé owó lé e. Ìlú pinnu pé fún oṣù méjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra ẹja. Wọ́n bi ráábì wọn, Menachem Mendel Krochmal, bóyá èyí ò kan Ṣábáàtì lábùkù. Ó ní kò kàn án. Ó tọ́ka sí Rabban Shimon ben Gamliel: ẹyẹlé méjì tí obìnrin tó bímọ gbọ́dọ̀ fi rúbọ ti di dínárì wúrà kan ní Jerúsálẹ́mù. Rabban náà búra pé òun ò ní sùn lóru yẹn àfi tó bá wálẹ̀. Ó wọ ilé ẹjọ́, ó ní obìnrin tó bá bímọ márùn-ún, ẹbọ kan tó o. Ọjọ́ náà gan-an, ẹyẹlé méjì di ìdá kan nínú mẹ́rin dínárì fàdákà.

Ṣùgbọ́n ẹja ni o. A lè máà jẹ ẹja fún oṣù méjì. Ta ló lè máà gbé inú ilé? Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ máa sọ iye tí ẹ ń san fún ara yín. Ìdí tí démarcheur fi ń rí jẹ ni pé ayálégbé ń fi owó ilé rẹ̀ pamọ́ bí ọjọ́ orí.

Téélọ̀ Tokpota

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà wá jábọ̀.

Mo bi ilé márùn-ún bí Mẹ́tìrì ti wí. Wọ́n kọ́kọ́ fojú burúkú wò mí, àfìgbà tí mo sọ tèmi. 25, 25, 27, 28, 30, ẹni 30 náà ní omi nínú ilé. Mo mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi dání, a lọ lálẹ́, a gbé obì lọ. Mi ò dárúkọ Míṣínà. Mo ka iye márùn-ún náà fún baba onílé, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí òjò dá." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá sọ fún wa pé ọmọ òun kan ń ṣàìsàn, òògùn ló ń ná òun ní owó náà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n máa san 27 láti oṣù Kẹjọ, kí n san 22 títí di ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ ọ́. Mo bá ìyàwó mi sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ọjọ́ kejì ló gbé ẹ̀kọ lọ fún wọn.

Ẹnìkejì mi ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé. A kọ àdéhùn: Sátidé tirẹ̀, Sọ́ńdè tèmi, 7.500 sí 7.500. Mo ti sọ fún àwọn oníbàárà tèmi pé ẹni tó bá ní òkú Sátidé, Ọjọ́bọ̀ ni á gba aṣọ. Ẹni méjì ti bínú lọ. Ẹni mẹ́rin gbà, ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọkàn òun kì í balẹ̀ ní Jímọ́ọ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ kọjá lọ́sẹ̀ yìí. A jẹ àdàlú Ìyá Ẹlẹ́wà. Ó jóná.

Ìyá Ẹlẹ́wà Wandó

Eérú ò pọ̀ tó!

Téélọ̀ Tokpota

Mo débẹ̀ ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mi ò bèèrè iye tó pa. Mo fẹ́ bèèrè o. Mo wá ṣí dúrọ́ọ̀ mi, pákẹ́ẹ̀tì abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti ṣófo.

Aládùúgbò Attakè

Ẹ̀gbọ́n, jíǹsì ni oníbàárà kan gbé wá. Mẹ́ta ṣẹ́.

Mẹ́tìrì Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ò kọ abẹ́rẹ́ sínú àdéhùn?

Téélọ̀ Tokpota

A gbàgbé abẹ́rẹ́.